Bí Abídogun Ṣe Gbé Oko Balógun

Ẹni tí à ń wò kì í wòran. Òwe yìí máa ń rú ẹni tó bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ lójú. Bí wọ́n bá ń wo èèyàn, ṣé ojú tirẹ̀ fọ́ ni? Kí ló dé tí òun náà kò fi ní í wo ohun tó ń lọ? Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí rẹ̀, kó fara balẹ̀ gbọ́ ohun tí ojú Abídogun rí, àti èyí tí ojú rẹ̀ kò rí.

Ní ìlú kan létí odò Ọbà, nígbà tí ogun kò jìnnà sí ẹnikẹ́ni, Balógun a máa yan àwọn ọ̀dọ́ tuntun sínú agbo ọmọ-ogun rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn ọdọọdún. Ṣùgbọ́n kí ọjọ́ yẹn tó pé, láàárín òjò tí ogun máa ń sinmi, ẹni tó bá wù nínú wọn lè lọ gbé oko Balógun. Wọn a ro oko, wọn a ṣọ́ oko, wọn a sì kọ́ ọ̀kọ̀ jíjù àti ọfà títa lọ́dọ̀ Jagun, àgbà ọmọ-ogun tó ń ṣe olórí oko náà. Kò pọn dandan. Balógun fúnra rẹ̀ a máa sọ ọ́ ní gbangba pé oko kì í yan ẹnikẹ́ni. Àwọn ará ìlú a gbọ́, wọn a sì rẹ́rìn-ín sínú, nítorí ó ń ṣojú wọn pé àwọn tó ti gbé oko rí ló ń pọ̀ jù nínú àwọn tí Balógun ń mú.

Kò sí ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí dùn tó Abídogun. Bàbá rẹ̀ bá ogun lọ, kò bọ̀. Láti ìgbà náà ni àwọn tí wọ́n jọ pààlà lóko ti ń fi àdá sún ààlà wọ inú ilẹ̀ ìyá rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Wọ́n mọ̀ pé opó náà kò lẹ́ni tí yóò gbèjà rẹ̀. Bí ọmọ rẹ̀ bá di ọmọ-ogun Balógun, kò sí ẹni tó máa dán an wò mọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Abídogun ti yọjú, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọn kò mú un. Ẹ̀ẹ̀kẹta ni òpin. Ẹni tí wọn kò bá mú lẹ́ẹ̀kẹta, kó máa gba oko bàbá rẹ̀ lọ. Abídogun kò gbà pé òun ló kù díẹ̀ káàtó. Ó ní inú oko ni wọ́n ti ń pín àyè náà tán, pé àwọn ará ìlú lásán ni wọ́n ń fi ọjọ́ yíyàn tàn jẹ.

Ìyá rẹ̀ ní, "Bó bá jẹ́ pé oko ni wọ́n ti ń pín in, lọ síbẹ̀ lọ gba tìrẹ."

Ó lọ. Ọrun bàbá rẹ̀ ló gbé dání, ìfura ló gbé sínú. Kò sì pẹ́ tó fi rí ohun tó ń wá. Ọ̀dọ́kùnrin kan wà láàárín wọn tí wọ́n ń pè ní Látúnjí. Bí àwọn yòókù bá ń kọ ebè, Látúnjí á jókòó sábẹ́ igi. Bí oúnjẹ bá délẹ̀, inú àwo Jagun ló ti ń jẹ, ẹran ibẹ̀ sì tóbi ju ti ẹgbẹ́ lọ. Abídogun mi orí. Ó ní ẹni tó lẹ́ni lẹ́yìn nìyí, àyè tirẹ̀ ti wà nílẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ibi tí Látúnjí bá yà sí ni ojú Abídogun ń yà sí. Bí Jagun bá ń kọ́ wọn ní ọ̀kọ̀ jíjù, ó ń wò ó bóyá Jagun á ṣẹ́jú sí Látúnjí. Bí wọ́n bá ń sinmi, ó ń bi àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ léèrè ta ni bàbá Látúnjí. Kò sẹ́ni tó mọ̀, ìyẹn sì tún mú ìfura rẹ̀ le sí i.

Ó wá kan Abídogun láti ṣọ́nà. Wọ́n ti de ẹ̀gùn, pẹpẹ tí ọdẹ máa ń jókòó lé, sórí igi kan lẹ́bàá ọ̀nà odò. Jagun fún un ní fèrè.

"Ọ̀nà odò ni kí o kọjú sí," ni Jagun wí. "Ohun yòówù tó bá gba ibẹ̀ bọ̀, ìbáà ṣe ewúrẹ́, fọn fèrè."

Ọrun bàbá rẹ̀ tóbi ju ohun tí èèyàn ń gbé gun igi lọ, ó fi kọ́ ẹ̀ka ìsàlẹ̀. Ó kọjú sí ọ̀nà lóòótọ́ títí oòrùn fi kan àtàrí. Ìgbà yẹn ló gbọ́ ohùn Jagun lẹ́yìn rẹ̀. Ó bojú wẹ̀yìn, ó rí i tí Jagun fa Látúnjí wọ àhéré, tí wọ́n sì forí korí. Inú rẹ̀ dùn, inú rẹ̀ sì bàjẹ́: ọwọ́ òun tẹ̀ wọ́n wàyí. Ó yí gbogbo ara padà, ó kọ ẹ̀yìn sí ọ̀nà odò, ó sì tẹ́tí. Kò gbọ́ ohun kan tó nítumọ̀, síbẹ̀ kò yí padà títí àwọn méjèèjì fi jáde.

Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, ọrun kò sí níbẹ̀ mọ́.

Kò tilẹ̀ wo inú igbó kó tó bọ́ sáàárín ẹgbẹ́, tó sì na ìka sí Látúnjí. Ó ní olè ni, pé ó fẹ́ kí òun yọjú lọ́wọ́ òfo lọ́jọ́ yíyàn.

Látúnjí bi í pé, "Níbo lo ti rí mi lọ́sàn-án yìí?"

"Nínú àhéré. Ojú mi kò kúrò lára rẹ."

"Ìgbà wo ni mo wá mú un?"

Abídogun tún na ìka sí i. "O rán ẹlòmíràn ni."

Ẹgbẹ́ bú sẹ́rìn-ín. Jagun kò rẹ́rìn-ín, kò sì bá ẹnikẹ́ni wí. Ó kàn gba fèrè lọ́wọ́ Abídogun, kò sì fún un mọ́ títí òjò fi dá. Abídogun fi ìyẹn náà kún ẹ̀rí tó ń kó jọ.

Ọjọ́ yíyàn dé, iwájú ilé Balógun kún. Ọrun àyálò ni Abídogun lò, síbẹ̀ ọfà rẹ̀ ló bá àmì jù. Wọ́n sáré, kò sẹ́ni tó bá a. Ìyá rẹ̀ wà láàárín èrò, ó ń fi etí aṣọ nu ojú. Ní ti Látúnjí, kò ta ọfà kankan. Ẹ̀yìn Balógun ló dúró sí, ó gbé idà kọ́ èjìká. Abídogun fi ìgbọ̀nwọ́ gún ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó ní, "Ẹ ò gbà mí gbọ́ nígbà tí mo ń wí."

Balógun pè é síwájú. Ó na ọwọ́ sẹ́yìn, Látúnjí sì gbé ọrun kan lé e lọ́wọ́. Ọrun bàbá Abídogun ni.

Abídogun dọ̀bálẹ̀. "Ẹ ṣeun, Baba. Ẹ ti mú olè náà."

"Èmi ni olè náà," ni Balógun wí.

Balógun kò gbé ohùn sókè. Ó ní òun fẹ́ yọ sí wọn lóko lójijì lọ́sàn-án ọjọ́ náà, òun sì gba ọ̀nà odò. Ẹ̀yìn aṣọ́nà ni òun bá lórí igi. Òun wúkọ́, ẹ̀yìn yẹn kò yí padà. Òun mú ọrun, òun sì padà sílé. Ó ní ọmọ-ogun òun ni Látúnjí, ó ti bá òun dé ojú ogun. Lọ́dọọdún ni òun ń fi ẹnì kan bíi tirẹ̀ sáàárín àwọn tó ń gbé oko, kó jókòó, kó jẹun, kó sì máa wo ìwà wọn.

"Ọ̀rọ̀ rẹ ni wọ́n ń sọ nínú àhéré lọ́jọ́ náà," ni Balógun wí. "Jagun ń sọ fún Látúnjí pé nínú gbogbo yín, ojú rẹ ló mú jù, pé ìdí nìyẹn tí òun fi fún ọ ní ọ̀nà odò."

Abídogun bi í pé, "Baba, bí mi ò bá lọ sí oko ńkọ́?"

"Ohun tí mo rí lónìí nìkan ni ǹ bá mọ̀ nípa rẹ. Ǹ bá mú ọ." Balógun gbé ọrun náà fún un. "Mo sọ fún yín pé oko kì í yan ẹnikẹ́ni. Ó kàn ń fi ẹni hàn ni. Ẹni tí à ń wò kì í wòran, ọmọ mi. Máa lọ sílé."

Àwọn kan ní ìlú náà sọ pé Balógun kò ṣe é dáadáa, pé kò yẹ kí a fi ẹran inú àwo dẹ pańpẹ́ fún ọmọ ọlọ́mọ. Kò sì jọ pé irọ́ ni wọ́n pa tán. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó sọ pé ẹni tó kọ ẹ̀yìn sọ́nà ni òun yóò fẹ́ kó ṣọ́ ilé òun.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Abídogun àti ìyá rẹ̀ lọ sí oko wọn. Ebè tuntun ti wà níbi tí igi ààlà wà tẹ́lẹ̀, ìtàkùn iṣu orí rẹ̀ sì ti ga. Gbogbo àkókò òjò tó fi ń wo ẹran inú àwo Látúnjí ni àwọn tí wọ́n jọ pààlà fi kọ ọ́. Ìyá rẹ̀ kò bá a wí. Ó kàn dúró síbẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, àwọn méjèèjì ń wo ebè olóko kejì lórí ilẹ̀ bàbá rẹ̀.

Láti ìgbà náà, bí ẹnì kan bá gbàgbé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ nídìí àtimọ ohun tí ẹlòmíràn ń jẹ, wọn a ní kó rántí Abídogun lórí ẹ̀gùn: ẹni tí à ń wò kì í wòran.