Òpópónà Àríwá Tí Òrìṣà Kò Dé Mọ́

"Ẹni tí kò lè rìn ni òrìṣà ń rìn fún." Ó ṣeé ṣe kí ẹ ti gbọ́ òwe yìí rí lẹ́nu ẹni tó lọ gba ìtọ́jú ní ilẹ̀ Íńdíà, tàbí lẹ́nu ọmọ tó lọ kàwé níbẹ̀ tó sì padà wálé. Àwọn àgbà ti ń pa á báyìí bí ẹni pé ilé wa ni wọ́n bí i sí. Ṣùgbọ́n ǹjẹ́ ẹ mọ ibi tó ti ṣẹ̀ wá? Lórí ibùsùn arúgbó kan ni wọ́n ti kọ́kọ́ sọ ọ́, ọmọ tó bí nínú ara rẹ̀ ló sì sọ ọ́ fún.

Ní gúúsù ilẹ̀ Íńdíà, lọ́dọ̀ àwọn tó ń sọ èdè Támílù, ìlú kan wà tí wọ́n ń pè ní Arasanúr. Tẹ́ńpìlì Síva, òrìṣà ńlá wọn, ló wà láàárín ìlú náà, òpópónà mẹ́rin ló sì yí i ká bí ọgbà ṣe ń yí ilé ká. Ọjọ́ kan wà lọ́dún tí òrìṣà máa ń jáde. Ère rẹ̀ tí wọ́n fi òkúta gbẹ́ kì í kúrò nínú iyàrá rẹ̀. Èyí tí wọ́n fi idẹ rọ ni wọ́n máa ń gbé sórí kẹ̀kẹ́ igi kan tó ga ju ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lọ, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ènìyàn ní òró. Tọmọdé tàgbà ni yóò di okùn rẹ̀ mú. Wọn yóò fà á díẹ̀díẹ̀ gba òpópónà Ìlà-Oòrùn, wọn yóò fà á gba ti Gúúsù àti ti Ìwọ̀-Oòrùn, yóò sì gba ti Àríwá padà sílé. Kẹ̀kẹ́ òrìṣà kì í fi ẹ̀yìn rìn. Ẹni tí kẹ̀kẹ́ bá ti kọjá níwájú ilé rẹ̀, ó di ọdún tó ń bọ̀ kí ó tó tún rí i.

Òpópónà Àríwá ni ilé Visalatchi wà. Opó ni, ọjọ́ orí rẹ̀ sì ti lọ jìnnà. Ó ṣubú lẹ́bàá kànga ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, egungun ìbàdí rẹ̀ fọ́, egungun náà kò sì jiná mọ́. Láti ìgbà náà ló ti di ẹni orí ibùsùn, tí Kótai, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ń tọ́jú rẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ ọdún, Kótai yóò wẹ̀ fún un, yóò wọ aṣọ síliki fún un, yóò fi òdòdó funfun sí irun rẹ̀, yóò sì ṣí ilẹ̀kùn ìta sílẹ̀ gbayawu. Kẹ̀kẹ́ òrìṣà yóò dúró síwájú ilé. Arúgbó náà yóò pa àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì pọ̀ lórí ibùsùn níbẹ̀, yóò sì máa ro gbogbo ohun tí ojú rẹ̀ rí láti èṣí fún òrìṣà, bí ẹni ń bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ̀rọ̀. Nígbà tí kẹ̀kẹ́ bá kọjá, ara rẹ̀ a fúyẹ́. Kótai máa ń sọ pé ọjọ́ kan yẹn ni ìyá àwọn fi ń gbé ọdún kan.

Visalatchi bí ọmọkùnrin kan pẹ̀lú, Ilangóvan ni orúkọ rẹ̀. Ẹnjiníà ni lábẹ́ ìjọba ìlú, òun àti aya àti àwọn ọmọ rẹ̀ sì ń gbé ní àdúgbò tuntun lẹ́yìn odi ìlú. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Òun ló ń ra oògùn ìyá rẹ̀, kì í sì í jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ kan kọjá kó má yà síbẹ̀. Ó fẹ́ràn Arasanúr dénú, àmọ́ Arasanúr tí kò tíì sí ni ó fẹ́ràn jù. Ìlú ti fún pinpin nígbà náà. Ọkọ̀ a máa dí ara wọn lọ́nà láti àárọ̀ dalẹ́, èéfín a sì máa ta àwọn ọmọ ilé ìwé lójú. Nígbà tí ìjọba wá sọ pé àwọn yóò la ojú irin orí afárá gba àárín ìlú kọjá, Ilangóvan wà lára àwọn tó ya ọ̀nà rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn bí ẹni tí ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ.

Ìṣòro kan ló wà níbẹ̀. Òpópónà Àríwá ni afárá náà yóò dá kọjá, kò sì ní ga tó kẹ̀kẹ́ òrìṣà. Wọ́n lè gbé ojú irin náà gba ẹ̀yìn ọjà, ṣùgbọ́n iṣẹ́ yóò pẹ́ sí i, ó sì ti ń kán Ilangóvan lójú. Ìjọba rán an lọ bá àwọn àgbà tẹ́ńpìlì sọ̀rọ̀, nítorí pé ọmọ àdúgbò ni. Sómasundaram, olórí àwọn àgbà náà, kọ̀ jálẹ̀. Ó ní láti ayé àwọn baba ńlá àwọn ni òrìṣà ti ń yí ilé rẹ̀ ká, kò sì sí ẹni tó pàṣẹ fún un rí pé kó padà lójú ọ̀nà. Ilangóvan kò bá a jà. Ó fi sùúrù fèsì.

"Bàbá, ẹ jẹ́ kí kẹ̀kẹ́ dé igun Ìwọ̀-Oòrùn kó yí padà síbẹ̀," ni ó wí. "Láti Àríwá sí igun yẹn, ìrìn wo ló wà ńbẹ̀? Ẹni tó bá fẹ́ rí òrìṣà, kó rìn wá."

Àwọn kan nínú ìjókòó rẹ́rìn-ín, nítorí pé òótọ́ ni pé ibẹ̀ kò jìnnà. Àwọn mìíràn ń ro ti ọmọ wọn tí kì í tètè dé ibi iṣẹ́. Sómasundaram wo ojú rẹ̀ pẹ́, ó sì béèrè bóyá ìyá rẹ̀ ti gbọ́ sí ọ̀rọ̀ yìí. Ilangóvan ní kó má ṣèyọnu, pé òun fúnra òun ni yóò fi ọkọ̀ gbé ìyá òun dé igun náà. Kò tíì sọ nǹkan kan fún ìyá rẹ̀. Ó gbàgbọ́ tọkàntọkàn pé ohun tó rọrùn ni. Báyìí ni àwọn àgbà ṣe gbà.

Kò pẹ́ tí ẹ̀rọ fi bẹ̀rẹ̀ sí í lu ilẹ̀ ní òpópónà Àríwá. Ilé a máa gbọ̀n, eruku a sì máa wọlé bá Visalatchi lórí ibùsùn. Ó béèrè ohun tí wọ́n ń ṣe, wọ́n ní ọkọ̀ ojú irin ni. Kò bínú sí ọkọ̀ ojú irin. Ohun kan ṣoṣo tó fẹ́ mọ̀ ni ibi tí òrìṣà yóò gbà. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ wá, ó bi í.

"Mo ti ṣètò rẹ̀, Ammá," ni Ilangóvan wí, bí wọ́n ṣe ń pe ìyá lọ́dọ̀ wọn nìyẹn. Visalatchi kò tún bi í léèrè mọ́. Gbogbo ayé rẹ̀ ló fi ń sọ fún àwọn aládùúgbò pé ohun tí Ilangó òun bá ti fọwọ́ kàn, ó ti yanjú.

Ọjọ́ ọdún pé. Àwọn òpó ti dúró nígbà náà, afárá sì ti bọ́ sórí wọn. Ilangóvan jí ní kùtùkùtù, ó gbé ọkọ̀ rẹ̀ jáde, ṣùgbọ́n àwọn ọlọ́pàá ti dí gbogbo ọ̀nà tó wọ àárín ìlú nítorí èrò. Ó fi ọkọ̀ sílẹ̀ lókèèrè, ó sì fi ẹsẹ̀ rìn dé ilé. Nígbà tó wọlé, ìyá rẹ̀ ti múra tán. Òdòdó wà ní irun rẹ̀, ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí, ó sì kọjú sí ìta. Ìgbà yẹn ni Ilangóvan tó sọ fún un pé kẹ̀kẹ́ kò ní dé ibí, pé igun ni yóò ti padà, pé àwọn yóò gbé e lọ síbẹ̀ lórí àga. Kótai kàn ń wò ó. Ìyá wọn ní kò burú, kí wọ́n gbé òun.

Ilangóvan pe ọkùnrin méjì wá láti ilé kejì. Bí wọ́n ṣe fẹ́ gbé e jókòó sórí àga ni igbe kan ti ẹnu arúgbó náà jáde. Ilangóvan kò gbọ́ irú igbe bẹ́ẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ rí, kódà lọ́jọ́ tí baba rẹ̀ kú. Wọ́n tẹ́ ẹ padà. Wọ́n tún fi ẹní gbé e, wọ́n sì gbé e dé ìloro, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti funfun bí eérú, ó sì ń ge ètè rẹ̀ jẹ kí ohùn má baà jáde.

"Ẹ dá ìyá mi padà sórí ibùsùn," ni Kótai wí. Wọ́n dá a padà.

Nígbà náà ni wọ́n gbọ́ ariwo láti òpópónà Ìwọ̀-Oòrùn. Wọ́n ń fọn ìkarahun òkun, àwọn tó ń fa okùn ń gbe orin, ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ sì ń lọ ilẹ̀ bí ọlọ. Ó ń sún mọ́. Visalatchi gbé orí sókè lórí ìrọ̀rí. Ilangóvan dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó sì rí ṣónṣó kẹ̀kẹ́ náà lókè àwọn òrùlé, aṣọ pupa àti funfun tí wọ́n fi wé e ń fẹ́ lẹ́lẹ́. Ó dé igun, ó dúró. Ó mì, ó han goooro bí igi tó fẹ́ ya, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó yí tán, ariwo náà bẹ̀rẹ̀ sí í lọ.

Ilangóvan wá wo òpópónà náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹni tó lẹ́sẹ̀ ti sáré lọ sí igun. Àwọn tó kù ló wà lẹ́nu ọ̀nà ilé wọn, kò sì mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé wọ́n pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Àtùpà wà níwájú ilé kọ̀ọ̀kan. Afọ́jú kan wà lábẹ́ afárá tó pa ọwọ́ pọ̀, kò tíì mọ̀ pé òrìṣà ti padà. Obìnrin kan gbé ọmọ aláìsàn dání. Àwọn arúgbó jókòó lórí àga tí wọ́n gbé jáde fún wọn, wọ́n kọjú sí ọ̀nà tí nǹkan kan kò gbà bọ̀.

"Ṣé ó ti lọ?" ni ìyá rẹ̀ béèrè láti inú ilé.

Ilangóvan wọlé, ó kúnlẹ̀ lẹ́bàá ibùsùn. Ìyá rẹ̀ gbé ọwọ́ lé e lórí. Kò pariwo mọ́ ọn.

"Ilangó, àwọn tó lẹ́sẹ̀ ń lọ bá a nínú tẹ́ńpìlì lójoojúmọ́," ni ó wí. "Láyé àtijọ́, àwọn kan wà tí wọn kì í jẹ́ kí wọ́n wọ ibẹ̀ rárá, ìta ni wọ́n ti ń rí i. Kí lo rò pé ó ń jáde fún? Ẹni tí kò lè rìn ni òrìṣà ń rìn fún."

Lẹ́yìn náà ó ní kí wọ́n ti ilẹ̀kùn, pé eruku ń wọlé.

Láti ọjọ́ yẹn ni oorun ti dá lójú Ilangóvan. Ó tọ Sómasundaram lọ, ó bẹ̀ ẹ́ pé kí wọ́n gbé òrìṣà lé èjìká, kí wọ́n gbé e gba abẹ́ afárá wá sí òpópónà Àríwá, ìbáà ṣe ẹ̀ẹ̀kan péré. Ẹyin lọ̀rọ̀ ẹnu, èyí tí Ilangóvan jù sílẹ̀ ní ìpàdé ọjọ́sí sì ti fọ́.

"Ọmọ mi, ìwọ lo kọ́ wa pé ẹni tó bá fẹ́ rí i, kó rìn wá," ni bàbá náà dá a lóhùn. "Ohun tí a sì sọ fún gbogbo ará Àríwá nìyẹn. Kí ni kí á wá sọ fún wọn báyìí?"

Ilangóvan ní kí wọ́n sọ fún wọn pé òun ló ṣì í. Bàbá náà ṣàánú rẹ̀, ó sì gbé ọ̀rọ̀ náà lọ síwájú àwọn ìyókù. Àwọn kan gbà, àwọn kan ní òrìṣà kì í jáde lọ́jọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ rẹ̀, wọ́n sì fẹnu kò sí i pé ó di ọdún tó ń bọ̀.

Visalatchi kò dúró de ọdún tó ń bọ̀. Kò tún dárúkọ kẹ̀kẹ́ òrìṣà mọ́, kò sì fìyà ọ̀rọ̀ jẹ ọmọ rẹ̀. Ó kàn ń dákẹ́ sí i lójoojúmọ́ ni. Ìgbà òjò ló kú. Nígbà tí wọ́n gbé òkú rẹ̀ kọjá lábẹ́ afárá lọ síbi tí wọ́n ti ń sun òkú, ọkọ̀ ojú irin ń sáré lọ lórí wọn, ó kún fún èrò, ó sì ń tètè dé ibi tó ń lọ gẹ́gẹ́ bí Ilangóvan ti ṣèlérí. Òun náà ló fi iná sí igi tí wọ́n fi sun ìyá rẹ̀. Kótai ló sọ ọ̀rọ̀ tí ìyá wọn sọ lọ́jọ́ ọdún yẹn fún àwọn tó wá kẹ́dùn, àwọn ni wọ́n sì gbé e kiri ìlú.

Nígbà tí ọdún yí po, wọ́n gbé òrìṣà sórí èjìká wá sí Àríwá lóòótọ́. Ọ̀pọ̀ ilé ti di ṣọ́ọ̀bù nígbà náà, ilẹ̀kùn ilé Visalatchi sì wà ní títì. Síbẹ̀ àwọn tó gbé òrìṣà dúró díẹ̀ níwájú rẹ̀. Ilangóvan dúró ní òdìkejì ọ̀nà, láàárín àwọn ènìyàn, kò sì sún mọ́ wọn.

Ìdí òwe náà nìyí. Àwọn àgbà máa ń pa á nígbà tí àwọn alágbára bá jókòó ṣètò ìlú, ilé tàbí ẹbí bí ẹni pé kò sí aláìlera láàárín wọn. Wọ́n máa ń pa á fún olóyè tó ní kí aláìní wá bá òun láàfin, àti fún ọmọ tó ń ránṣẹ́ pe òbí tó ń ṣàìsàn pé kó wá kí òun. Wọn kì í túmọ̀ rẹ̀. Wọ́n á ní, "Ẹni tí kò lè rìn ni òrìṣà ń rìn fún," wọ́n á sì dákẹ́. Ẹni tí wọ́n sọ ọ́ fún ni yóò dìde.