Ìlẹ̀kùn tí Òkété Gbé Dé láti Òkè Òkun

"Àlọ́ o!"

"Àlọ̀!"

Àlọ́ mi jáde nílé, ó gba ọ̀nà oko, ó yà sẹ́nu ihò Òkété.

Ní ìgbà kan rí, ihò Òkété wó lé e lórí ní ọ̀sán gangan. Àwọn aládùúgbò gbọ́ igbe rẹ̀, wọn kò jáde. Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí.

Òkété ti gbé òkè òkun rí. Ìlú ọlọ́rọ̀ ni. Oúnjẹ kì í wọ́n níbẹ̀, omi ń wá bá ẹranko nínú ilé. Olúkúlùkù ló ní iná tirẹ̀ àti ìlẹ̀kùn tirẹ̀ tó nípọn. Wọn kì í ṣe ẹni burúkú. Wọ́n kàn ń ti ìlẹ̀kùn ni. Nígbà tí ibà dá Òkété gúnlẹ̀, kò sẹ́ni tó bi í pé, "Ṣé o jí?" Orí ẹní ló wà tó ń rántí ilé, bí Ìyá Ọ̀yà ṣe máa ń gbé àpáàdì kiri láàárọ̀ láti fọnná.

"Ẹ kú àárọ̀ o! Iná yín ò kú bí?"

Bó bá dé ọ̀dọ̀ Ẹtu, yóò bèèrè ẹsẹ̀ tó ń dùn ún. Bó bá dé ọ̀dọ̀ Ehoro, yóò gbé ọmọ jó díẹ̀. Kí oòrùn tó yọ, gbogbo ilé ti mọ bí gbogbo ilé ṣe sùn. Ẹ̀yin àgbà tó jókòó yìí, ẹ rántí irú àárọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìyẹn ló fa Òkété padà wálé. Ṣùgbọ́n nígbà tó dé, ó rí i pé àgbàdo ti kún àká àwọn aládùúgbò rẹ̀. Ó wọ̀ ọ́ lójú. Ó pè wọ́n jọ.

"Ẹ̀yin ará mi, ẹ ṣì ń tọrọ iná? Lókè òkun, aláìlajú ni wọ́n ń pe ẹni tó bá ń yọjú sọ́ràn ẹlòmíràn."

Ehoro fẹ́ràn fáàrí. "Kí ni wọ́n wá ń ṣe?"

"Wọ́n ń ti ìlẹ̀kùn. Bí ariwo bá sọ níta, wọ́n á ní kò kan àwọn."

"Tó bá jẹ́ olè ńkọ́?" Ẹtu bèèrè.

"Olè kẹ̀? Níbi tójú ti là?"

Ìyá Ọ̀yà rẹ́rìn-ín. "Òkété ọmọ mi, bí mo bá wá kú sínú ilé, ta ni yóò mọ̀?"

"Ìyá, ẹ ti dàgbà. Kò lè yé yín."

Wọ́n gbẹ́ ìlẹ̀kùn. Àárọ̀ dákẹ́, torí kò sẹ́ni tó ń ṣílẹ̀kùn fún Ìyá Ọ̀yà mọ́. Òkété ń ti àká kan bọ́ sí òmíràn, ó ń ru àgbàdo wọnú ihò. Bí Ẹtu bá gbọ́ ìró, á ní, "Kò kàn mí." Nígbà mìíràn Òkété á dúró, á tẹ́tí bóyá yóò gbọ́ "Ẹ kú àárọ̀ o." Kò gbọ́ nǹkan kan. Á tún gbé ẹrù rẹ̀.

Nítorí àgbàdo, ó gbẹ́ ihò náà fẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Òjò rọ̀, ilẹ̀ rì, ó dí ẹnu ihò kan ṣoṣo tó ní. Òkété há sábẹ́ àgbàdo, ó fi orin ké. Ẹ bá mi gbè é:

*Ẹtu, yọjú wá o,*
*Kéréǹdé!*
*Ehoro, yọjú wá o,*
*Kéréǹdé!*
*Ilẹ̀ ti dì mí mú o,*
*Kéréǹdé, ilẹ̀ kéréǹdé!*

Ẹtu ní kò kan òun. Ehoro ní, "Bóyá orin òkè òkun ló ń kọ." Ó ti ìlẹ̀kùn rẹ̀ gbọn-in.

Òjò yẹn ti pa iná Ìyá Ọ̀yà. Kò bìkítà fún ẹ̀kọ́ òkè òkun. Ó gbé àpáàdì rẹ̀, ó kọrí sílé Òkété.

"Òkété o! Iná rẹ ò kú bí?"

Ohùn kan dáhùn lábẹ́ ilẹ̀: "Ìyá, èmi gan-an ni mò ń kú lọ!"

Ìyá Ọ̀yà fi àpáàdì wa ilẹ̀ títí apá fi ń ro ó. Ó sáré lọ gbá ìlẹ̀kùn Ẹtu àti Ehoro, ó ń bú wọn títí wọ́n fi jáde. Wọ́n wa ilẹ̀. Àgbàdo ni wọ́n kọ́kọ́ rí, kí wọ́n tó rí imú Òkété.

"Tèmi nìyí!" Ehoro figbe ta. "Mo mọ okùn tí mo fi so ó! Ẹ jẹ́ ká bò ó mọ́lẹ̀ padà!"

"Ẹ fà á jáde ná," ni Ìyá Ọ̀yà wí. "Ẹ jẹ́ kó mí. A ó wá bá a wí."

Ìdí àlọ́ mi rèé: ọrọ̀ kò burú, ẹ̀yin ọmọ, ẹ lọ wá a. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe kọ́ aládùúgbò yín láti di etí sí igbe, nítorí ẹ̀yin náà lè ké lọ́jọ́ kan.

Wọ́n la àwọn ìlẹ̀kùn náà sí igi ìdáná. Láti ọjọ́ náà, òkété kì í gbẹ́ ihò ẹlẹ́nu kan mọ́, kó lè ríbi jáde bí ilẹ̀ bá rì.