Àgbébọ̀ Adìyẹ àti Ilé tó Kẹ̀yìn sí Ọ̀nà

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ṣé ẹ ò jẹun yó ni? Ẹ jẹ́ kó dé ilé kejì. Ààlọ́ o!

Ààlọ̀ ooo!

Ìyá wa àgbà, Eyíwùnmí, fẹ̀yìn ti ògiri, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sórí ẹní. Gbogbo àwa ọmọ agbolé yí i ká, oṣù sì ti là sórí òrùlé.

"Àlọ́ mi gbéra nílẹ̀, ó fò fẹ̀rẹ̀, ó bà lé Àgbébọ̀ adìyẹ lórí, ó bà lé Àwòdì léjìká, ó wá lọ sinmi lórí pèpéle Màmá Abọ́sẹ̀dé."

Ní ìgbà kan rí, ní ìlú kan tí wọ́n ń pè ní Ìdóyìn, ilé wá ṣòro rà ju omi inú ẹ̀ẹ̀rùn lọ.

Ẹranko ń wá ilé, ènìyàn ń wá ilé. Bí wọ́n bá ní ilé kan jáde fún títà láàárọ̀, kí oòrùn tó yọ tán, ó ti tà. Àwọn mìíràn kì í tilẹ̀ wo inú rẹ̀ kí wọ́n tó sanwó. Ẹfọ̀n ra ilé tirẹ̀ báyẹn, ìwo rẹ̀ kò gba ẹnu ọ̀nà kọjá. Ìta ló ń sùn, ó ń ṣọ́ ilé tó fi owó ara rẹ̀ rà.

"Màmá, ìgbín ńkọ́?" Àjíún ló béèrè bẹ́ẹ̀.

"Ìgbín? Ó jókòó sẹ́bàá ọ̀nà, ó ń fi gbogbo wọn ṣe yẹ̀yẹ́."

Àgbébọ̀ adìyẹ wà ní ìlú náà. Yàrá kan ló háyà lọ́wọ́ Àwòdì. Ọ̀dọ́ ni nígbà tó kó wọlé, òun nìkan ló sì dá wà. Onílé kò yọ ọ́ lẹ́nu, òun náà kò jẹ gbèsè.

Nígbà tó yá, Àgbébọ̀ yé ẹyin méje, ó sàba lé wọn. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tó sàba, Àwòdì yọjú lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ kú ìsàba o, ìyá ọlọ́mọ."

"A dúpẹ́, bàbá onílé."

"Mélòó ni wọ́n?"

"Méje ni, sà."

"Méje! Háà, ẹ ṣeun o. Ẹ rọra o, ẹ má jẹ́ kí òtútù mú wọn. Ẹ wò ó, n kò ní gba owó ilé lọ́wọ́ yín mọ́. Bí wọ́n bá ti pa, kí ẹ ṣáà máa fún mi ní ọmọ kọ̀ọ̀kan lọ́sẹ̀. Ó tán. Àwa méjèèjì ò ní jà."

Ó nu ẹnu rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

Àgbébọ̀ tẹ́ ìyẹ́ bo ẹyin rẹ̀. Ó ka ọjọ́. Ọjọ́ mọ́kànlélógún ni ẹyin yóò fi pa. Bí kò bá rí ilé tirẹ̀ kó tó di ọjọ́ náà, Àwòdì ló bímọ fún.

"Kí ló dé tí kò kó wọn lọ sínú igbó?" Ládélé ló sọ bẹ́ẹ̀.

"Ta ló ń gbé inú igbó?"

"Ejò!"

"Kí ni ejò ń jẹ?"

"Ẹyin!"

"Ìwọ náà mọ̀ ọ́n. Jókòó dáadáa."

Àgbébọ̀ ní owó díẹ̀ nílẹ̀. Ó ti pẹ́ tó ti ń bá àwọn àgbẹ̀ ṣa kòkòrò lára ilá, kì í sì í ná ìná àpà. Ó kó owó náà sábẹ́ apá, ó gba ọ̀dọ̀ Ọ̀kẹ́rẹ́ lọ. Ọ̀kẹ́rẹ́ ni alágbàtà ilé ní Ìdóyìn. Kò sí òrùlé tí kò tíì gùn rí.

Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé adìyẹ tó bá sàba kì í lè rìn jìnnà. Ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ ló lè dìde, kó wá nǹkan jẹ, kó mu omi, kó sáré padà kí ẹyin tó tutù. Gbogbo àkókò tó ní kò ju ìgbà téèyàn fi ń jẹ ẹ̀kọ méjì. Inú àkókò yẹn náà ló ti ń wá ilé.

Lọ́jọ́ kẹta, ó sáré dé ọ̀dọ̀ Ọ̀kẹ́rẹ́. "Ilé ẹ̀bá kànga yẹn ńkọ́?"

"Ó ti tà. Ìkookò ti kó wọ ọ́ lánàá."

Lọ́jọ́ keje, ó tún dé. "Ilé onígi ọsàn yẹn ńkọ́?"

"Ó ti tà. Ọmọ aláṣọ kan ló rà á."

Lọ́jọ́ kẹwàá ńkọ́, ẹ̀yin ọmọ?

"Ó ti tà!"

Lọ́jọ́ kejìlá?

"Ó ti tàààà!"

Bó bá ń padà sídìí ẹyin, orin ló máa ń kọ. Ẹ bá mi gbè é, "Tẹ̀lẹ̀ntẹ̀" ni kí ẹ máa wí.

Onílé, onílé o,
Tẹ̀lẹ̀ntẹ̀!
Ẹ ta yàrá kan fún mi,
Tẹ̀lẹ̀ntẹ̀!
Ọmọ méje ń bọ̀ lọ́nà,
Tẹ̀lẹ̀ntẹ̀!
Àwòdì ti fọwọ́,
Tẹ̀lẹ̀ntẹ̀!
Ó ń dúró de oúnjẹ,
Tẹ̀lẹ̀ntẹ̀, tẹ̀lẹ̀ntẹ̀!

Nígbà tó di ọjọ́ kẹrìnlá, Ọ̀kẹ́rẹ́ kanra mọ́ ọn.

"Ìyá Àgbébọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kì í tètè dé. Ẹnu ọ̀nà mi níbí làwọn ẹlòmíràn ń sùn."

"Ẹyin ló wà lábẹ́ mi, ọmọ mi."

"Ẹyin ò kàn mí. Owó ló kàn mí, tiyín ò sì tó ra fèrèsé."

Àgbébọ̀ gbé e mì. Ó tún béèrè, "Ilé tí ògiri rẹ̀ dúdú lẹ́bàá ọ̀nà ńlá yẹn ńkọ́?"

Ọ̀kẹ́rẹ́ rẹ́rìn-ín títí ìrù rẹ̀ fi ń mì. "Èyí tí gbogbo èéfín ti pa lára? Ìyẹn náà nilé? Ilé ìdáná àwókù ni. Mo ti kan ilẹ̀kùn ibẹ̀ títí ọwọ́ mi fi bó. Arúgbó kan ló wà níbẹ̀, etí rẹ̀ ti di pátápátá. Gbogbo wa la ti gbìyànjú. Ẹ fi sílẹ̀."

Òótọ́ ló sọ. Kò sí ẹni tí kò tíì kan ilẹ̀kùn yẹn ní Ìdóyìn. Wọ́n á kan án, wọ́n á pariwo "Màmá, ṣé ẹ ó ta ilé yìí?" Kò sẹ́ni tó ń dáhùn. Wọ́n á bú ògiri, wọ́n á máa lọ.

Ó di ọjọ́ kẹtàdínlógún. Lọ́jọ́ yẹn, Àgbébọ̀ kò wá ilé. Ebi ló ń pa á. Ó sì mọ̀, bí gbogbo adìyẹ ṣe mọ̀, pé ẹ̀yìn ilé ìdáná ni kòkòrò máa ń pọ̀ sí, níbi tí wọ́n ń da omi ìṣanwọ́ sí. Ló bá gba ìdí ògiri dúdú yẹn lọ.

Ó rí ikán tí wọ́n tò lọ rẹrẹẹrẹ. Ó ṣà á jẹ, ó ń tẹ̀ lé e. Ikán wọ inú koríko, òun náà wọ inú koríko. Ó fẹsẹ̀ tú ilẹ̀, wàrà, wàrà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ bá nǹkan líle.

Òkúta wẹ́wẹ́ ni. Ó tún tú síwájú. Òkúta ni. Ó tú sọ́tùn-ún, ó tú sósì, òkúta ni, ẹnì kan ló tò wọ́n, wọ́n sì tẹ́jú bí ibi tí ẹsẹ̀ ti tẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

"Ta ló la ọ̀nà sínú igbó?" Àgbébọ̀ gbàgbé ikán. Òkúta ló wá ń tẹ̀ lé. Ó yí igun ilé náà kọjá, ó gbé ojú sókè.

Ẹ̀yin ọmọ, iwájú ilé ló rí!

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ gbọọrọ, òpó igi mẹ́rin tí wọ́n gbẹ́ ẹyẹ sí lára. Pèpéle tí jíjókòó ti mú kó máa dán. Ilẹ̀kùn gíga aláwẹ́ méjì. Ìtàkùn bò ó lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí ibi tó sán.

Ẹ gbọ́ bó ṣe jẹ́. Láyé àtijọ́, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀nà odò Ìdóyìn gbà kọjá. Gbogbo ilé ló kọjú sí i. Àwọn apọnmi á kọjá láàárọ̀, wọ́n á kí onílé. Àwọn àgbẹ̀ á kọjá nírọ̀lẹ́, wọ́n á sọ iṣu kan kalẹ̀ lórí pèpéle, wọn ò ní dúró gba ọpẹ́. Ìgbà tí wọ́n wá la ọ̀nà ńlá, ẹ̀yìnkùlé ló gbà. Ilé kò sì lè yí padà bí ènìyàn. Ó dúró síbi tó wà, ó kẹ̀yìn sí gbogbo ayé.

Ìyá wa àgbà nawọ́ sí iwájú agbolé. "Èmi náà bá irú rẹ̀. Nígbà tí mo wà ní kékeré nínú agbolé yìí, iwájú là ń kọ́kọ́ gbá. Ìyá mi á ní, 'Eyíwùnmí, àlejò ò tíì jí, gbálẹ̀ dè é.' Ta ló tún ń gbálẹ̀ de àlejò?"

"Màmá, kí ni adìyẹ wá ṣe?" Ládélé kò jẹ́ kó pẹ́ níbẹ̀.

Ẹ̀yin ni kí ẹ sọ fún mi. Bí ẹ bá dé iwájú ilé onílé, kí lẹ ó wí?

"Àgò o!"

Ohun tí Àgbébọ̀ wí náà nìyẹn. Ó gbọn ìyẹ́ rẹ̀, ó nu ẹnu mọ́ koríko, ó dúró nísàlẹ̀ pèpéle. "Àgò onílé o!"

Kò tíì pa ẹnu dé tí ohùn kan fi dáhùn láti inú ilé:

"Àgò yà! Ta nìyẹn? Wọlé, ọmọ mi, wọlé."

Ilẹ̀kùn ké kíì, ó ṣí. Màmá Abọ́sẹ̀dé ló jáde, arúgbó kékeré, irun rẹ̀ funfun báláú. Ojú rẹ̀ kún fún omi.

"Ó ti tó ọdún mọ́kàndínlógún tí ẹnikẹ́ni ti ké àgò níbí."

"Màmá, wọ́n ní etí yín ti di."

"Ta ni etí ẹ̀ di? Mo ń gbọ́ gbogbo wọn. Láràárọ̀ ni wọ́n ń gbá ilẹ̀kùn ilé ìdáná mi bí ìlù. Ọmọ ilé ló ń gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Bí kì í bá ṣe ọmọ ilé, olè ni. N ò sì kí olè káàbọ̀ rí."

Àgbébọ̀ sọ gbogbo ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ fún un, látorí ẹyin dórí Àwòdì. Màmá gbọ́, ó mirí. Ó ní àkọ́bí òun obìnrin ti ń ránṣẹ́ pé kí òun wá máa gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ nílé ọkọ, ṣùgbọ́n òun kò rí ẹni tí òun lè fi ilé lé lọ́wọ́.

"Èló lo ní?"

Àgbébọ̀ tú owó rẹ̀ sílẹ̀.

"Ó tó," ni Màmá wí.

Ẹ wá wo nǹkan. Àgbébọ̀ kò kó owó náà fún un kíákíá. Ó dúró. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ ẹ́ lọ́kàn, ọjọ́ mẹ́rin péré ló sì kù fún un. Ó ní, "Màmá, n ò ní rẹ́ yín jẹ. Ilé ti wọ́n nígboro. Bí Ọ̀kẹ́rẹ́ bá rí iwájú ilé yìí, ìlọ́po mẹ́ta ni yóò bá yín tà á."

"Ṣé mo ti sọ fún ọ pé mò ń gbọ́ wọn? Mo mọ iye tó jẹ́. Ọ̀kẹ́rẹ́ á fọ́ pèpéle mi, á lu ògiri, á sọ ẹ̀yìn di iwájú. Ìwọ, ṣé wàá máa gbá iwájú yìí dé ìdí òkúta?"

"Ẹsẹ̀ mi kì í dúró, Màmá. Títú ilẹ̀ ni iṣẹ́ mi."

"Ilé di tìẹ."

Lọ́jọ́ ogún, nígbà tí Àwòdì jáde lọ ṣọdẹ, Màmá gbé agbọ̀n dé, wọ́n to ẹyin méjèèje sínú òwú. Kí wọ́n má bàa fi ìtẹ́ sílẹ̀ lófìfo, Àgbébọ̀ ti ṣa òkúta funfun méje wá látojú ọ̀nà odò. Ó tò wọ́n síbẹ̀, ó fi ìyẹ́ díẹ̀ bò wọ́n. Ó gbálẹ̀ yàrá. Ó lọ.

Lọ́jọ́ kọkànlélógún, Àwòdì kan ilẹ̀kùn. "Ìyá ọlọ́mọ, ẹ kú ewu o!" Kò gbọ́ nǹkan kan. Ó wọlé, ó rí nǹkan méje tó ń dán nínú ìtẹ́. "Wọn ò tíì pa? Ẹ jẹ́ kí n bá wọn ṣí i." Ó fi gbogbo agbára sọ ẹnu mọ́ ọn.

Kọ́!

Ibẹ̀ ni ẹnu Àwòdì ti tẹ̀ bí dòjé. Ẹ wò ó bó bá ń kọjá, kò tíì nà títí dòní. Ó bínú fò lọ sókè, ó ń yí po, ó ń wá Àgbébọ̀. Ṣùgbọ́n láti òkè, òrùlé nìkan ló ń rí, kò mọ èyí tó jẹ́ ti adìyẹ.

Abẹ́ pèpéle ni àwọn ọmọ náà pa sí, méjèèje. Màmá Abọ́sẹ̀dé dúró títí wọ́n fi mọ̀ ọ́n rìn. Lọ́jọ́ tó ń lọ, ó di ẹrù rẹ̀ rù, iwájú ló gbà jáde, lórí òkúta tí Àgbébọ̀ ti gbá mọ́ tónítóní. Àgbébọ̀ àtàwọn ọmọ tò sẹ́nu ọ̀nà.

"Ó dàbọ̀ o, Màmá onílé!"

Màmá yí padà. Ó wo ilé náà pẹ́. Ó ní, "Èmi kọ́, ọmọ mi. Ìwọ ni."

Ó bá ọ̀nà odò lọ.

Ohun tí àlọ́ yìí kọ́ wa kò lọ́jú pọ̀. Bí ẹ bá dàgbà tí ẹ ń wá ilé, ẹ má torí pé gbogbo ayé ti kọjá lára rẹ̀ kí ẹ sọ pé kò dára. Ẹ fi ẹsẹ̀ yín rìn yí i ká. Kí ẹ sì kí onílé níwájú ilé rẹ̀, kí ẹ tó bi í léèrè iye tó fẹ́ tà á.

Ibi tí mo bá àlọ́ mi rìn dé rèé, mo sọ ọ́ kalẹ̀. Bó bá jẹ́ irọ́ ni mo pa, kí ahọ́n mi lẹ̀ mọ́ èrìgì. Bí n kò bá sì parọ́, kó ta lẹ́nu mi lẹ́ẹ̀mẹta: tọ́, tọ́, tọ́!

"Ó ta, Màmá! Ó ta!"