Ilé Tí Ẹ̀gà Fi Ẹnu Hun

Àlọ́ mi rèé o!

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ dá mi lóhùn: "Jẹ́ kó dé ọ̀dọ̀ wa!"

Àlọ́ mi fò fẹ̀rẹ̀, ó bà sórí ọ̀pẹ. Ó bà lé Ẹ̀gà, ẹyẹ kékeré tó pupa rúsúrúsú. Ó bà lé Ejò tí í jẹ ẹyin ẹlẹ́yin. Ó bà lé Àwẹ̀ró, ìyá arúgbó tí í hunṣọ.

Nígbà náà, Ẹ̀gà kì í gbé lórí ọ̀pẹ. Inú igbó ló ń gbé. Ó kó koríko jọ, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó yé ẹyin mẹ́ta sí i. Inú rẹ̀ dùn. Ó wá oúnjẹ lọ. Ìgbà tó padà dé, Ejò ló bá nílé. Ejò ti ká jọ sórí koríko, ikùn rẹ̀ ti yọ.

"Ẹ̀gà, káàbọ̀," Ejò wí. "Ilé rẹ tutù. Ó tẹ́ mi lọ́rùn."

Kí ni Ẹ̀gà lè fi Ejò ṣe? Ó sunkún, ó kúrò níbẹ̀.

Ó ní ilẹ̀ẹ́lẹ̀ tí òun yé e sí ló fà á. Ó wá ihò kan lára igi ńlá, ó yé ẹyin mẹ́ta sínú rẹ̀. Ejò fà wọ́ọ́, ó gun igi náà. Ìgbà tí Ẹ̀gà dé, orí Ejò ló rí lẹ́nu ihò.

"Ẹ̀gà, káàbọ̀. Ilé rẹ móoru. Ó tẹ́ mi lọ́rùn."

Lọ́tẹ̀ yìí, Ẹ̀gà gba ọ̀dọ̀ àwọn ẹyẹ ńláńlá lọ. Ó ro ẹjọ́ rẹ̀ fún Àṣá. Àṣá bi í pé kí ni òun máa rí jẹ níbẹ̀. Ó ro ó fún Àkàlàmàgbò. Àkàlàmàgbò ní àwọn ẹyẹ kéékèèké ni wọ́n ń ṣe báyìí láti ọjọ́ pípẹ́. Ó ní kí Ẹ̀gà máa yé ẹyin púpọ̀ sí i, kí Ejò lè jẹ, kó sì ṣẹ́kù.

Ẹ̀gà gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, ojú rẹ̀ gbẹ. Kò sunkún mọ́. Ó na ìyẹ́, ó kúrò nínú igbó pátápátá, ó forí lé ìlú.

Àgbàlá Àwẹ̀ró ló bà sí. Ìyá àgbà náà jókòó sídìí òfì rẹ̀, ó ń hunṣọ. Òwú gba òkè, òwú gba ìsàlẹ̀, ó fà á, ó le. Ọkùnrin kan wá ra aṣọ. Ó fi ọwọ́ méjèèjì fa aṣọ náà títí ó fi làágùn. Aṣọ ò ya. Ẹ̀gà rí i. Ó dúró lórí ògiri, ó ń wò. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi ń wò.

Lọ́jọ́ kẹta, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́, Ìyá."

"Òo, ọmọ mi. Láti ìjẹta lo ti ń wò mí. Kí lo ń fẹ́?"

"Iṣẹ́ yín ni mo fẹ́ kọ́."

Àwẹ̀ró wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. "O ò lọ́wọ́."

"Mo lẹ́nu, Ìyá."

Àwẹ̀ró rẹ́rìn-ín. Ó ya imọ̀ ọ̀pẹ tẹ́ẹ́rẹ́, ó fi fún un, ó ní kó hun ún kí òun wò ó. Àkọ́kọ́ tí Ẹ̀gà hun lọ́ mọ́ra. Àwẹ̀ró ní kó tú u. Ó tú u. Èkejì dúró díẹ̀, atẹ́gùn fẹ́, ó já. Àwẹ̀ró ní kó tún un hun. Ẹnu ń ro Ẹ̀gà, ọrùn ń ro ó, àmọ́ kò jókòó. Ìgbà tó hun ẹ̀kẹta, Àwẹ̀ró ki ìka bọ̀ ọ́, ó fà á. Kò mira. Ó tún fà á. Kò mira.

"Iṣẹ́ rẹ nìyí," ìyá àgbà wí. "Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún sọ fún ọ pé o kéré."

Ọ̀pẹ kan wà nínú àgbàlá náà. Ẹ̀gà ò kọ́lé sáàárín ọ̀pẹ náà. Ṣóńṣó imọ̀ rẹ̀ ló lọ, níbi tí kò lè gba ẹni wúwo. Ó hunlé síbẹ̀, ó rọ̀ dirodiro. Ó dojú ẹnu ọ̀nà kọ ilẹ̀. Ó yé ẹyin mẹ́ta.

Ejò wá a dé ìlú. Ọ̀sán gangan ni. Ó gun ọ̀pẹ, ó nọrùn.

"Ẹ̀gà, ilé rẹ ga. Ẹnu ọ̀nà rẹ̀ dà?"

Ẹ̀rù ba Ẹ̀gà. Àmọ́ kò fò lọ. Ó jókòó lé ẹyin rẹ̀.

"Ìsàlẹ̀ ló wà," ó wí. "Máa bọ̀."

Ejò tọ imọ̀ náà lọ. Imọ̀ tẹ̀. Ó tún sún díẹ̀. Imọ̀ tẹ̀ sí i. Ó sọ orí kalẹ̀, ó ń wá ẹnu ọ̀nà. Kò rí ibi dì mú. Ó yọ̀, ó já bọ́, gbì! Àárín àgbàlá Àwẹ̀ró ló já sí. Ìyá àgbà fa igi yọ, ó nà án ní ìrù. Ejò sá wọgbó.

Ilé Ẹ̀gà mì síhìn-ín, ó mì sọ́hùn-ún, ó dúró. Okùn kan ò já. Ẹyin kan ò fọ́.

Ìròyìn dé igbó. Àkàlàmàgbò fúnra rẹ̀ wá, ó wo ilé náà, ó bi í pé ta ló bá a kọ́ ọ.

"Èmi ni mo hun ún," Ẹ̀gà wí. "Ẹnu mi yìí ni mo fi hun ún."

Ó sọ ọ́ fún Àkàlàmàgbò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àṣá dé, ó tún un sọ. Àdàbà dé, ó tún un sọ. Àwọn ọmọ rẹ̀ jáde nínú ẹyin, ó sọ ọ́ fún wọn, ó sì kọ́ wọn níṣẹ́. Àwọn náà kọ́ ọmọ tiwọn.

Ìdí nìyẹn tí ilé ẹ̀gà fi ń rọ̀ létí imọ̀ ọ̀pẹ, tí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ń wolẹ̀, tí ẹ̀gà sì ń gbé nítòsí èèyàn. Bí ẹ bá sì gbọ́ ariwo wọn lórí ọ̀pẹ láàárọ̀, ẹ má rò pé ìjà ni. Wọ́n ń sọ bí ó ṣe ṣẹlẹ̀ ni. Gbogbo wọn ló sì fẹ́ sọ ọ́ tán kí ẹnìkejì tó bẹ̀rẹ̀.

Bí mo bá fi irọ́ kún un, kí àtẹ́lẹwọ́ mi má dún lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Pá! Pá! Pá! Ẹ gbọ́ ọ.