Lákànlé Akọpẹ Lábẹ́ Igi tí A Kì Í Gùn

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó lórí ẹní, ẹ̀yin tí ẹ fẹ̀yìn ti ògiri, àti ẹ̀yin tí ẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni pé ẹ kò ní pẹ́ lọ, mo kí yín kú ìkàlẹ̀. Ẹ súnmọ́ mi, nítorí pé ara ẹni tí ó bá gbọ́ ìtàn yìí yóò gbọ̀n rìrì fún ìyanu, itọ́ yóò sì kún ẹnu ẹni tí ó bá tún un sọ.

Ní ìlú Ajẹran, ẹran ni wọ́n fi ń ṣínu, ẹran náà ni wọ́n fi ń panu dé. Èso kò níyì lójú wọn; wọ́n ní oúnjẹ ẹyẹ àti ti ọmọ wẹẹrẹ ni, wọ́n sì gé gbogbo igi eléso ìlú náà lulẹ̀, wọ́n fi dáná yan ẹran. Níbẹ̀ ni Lákànlé akọpẹ ń gbé, ọmọ agun-ọ̀pẹ-bí-ẹni-ń-rìn-lójúde, ọkùnrin tí igbà rẹ̀, okùn tí ó fi ń gun ọ̀pẹ, kò já rí, tí afẹ́fẹ́ orí ọ̀pẹ mọ orúkọ rẹ̀ ju bí àwọn ará àdúgbò ti mọ̀ ọ́n lọ. Nígbà tí ó yá, àrùn kan wọ ìlú náà bí èéfín ti ń wọ aṣọ. Èrìgì ń ṣẹ̀jẹ̀, eyín ń mì bí èèkàn inú ẹrẹ̀, ojú egbò àtijọ́ tún ń là, ikùn àwọn àgbàlagbà sì le gbagidi bí ẹni pé wọ́n gbé ọmọ odó mì. Àrùn náà dé ọ̀dọ̀ Àwẹ̀ró, ìyàwó Lákànlé, obìnrin apọ́nbéporẹ́, títí tí ẹ̀jẹ̀ fi ń sọ ẹ̀kọ tí ó ń mu di pupa, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì gbé e mọ́.

Àwẹ̀ró sọ fún ọkọ rẹ̀ pé, “Baálé mi, ìyá ìyá mi a máa wí pé agbálùmọ̀ ń mú èrìgì le. Igi kan ṣoṣo ni ó kù, ó wà lórí Òkè Ìrì, lọ́dọ̀ àwọn iwin. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù yín ń bà mí.”

“Ẹ̀rù èmi Lákànlé? Òkè wo ni ó ga ju ẹni tí ń gun ọ̀pẹ lọ?”

“Kì í ṣe bí ẹ ó ṣe gùn ún ni mo ń sọ. Ẹ̀yin ni ẹ máa ń yọ ẹran nínú ìkòkò kí ọbẹ̀ tó hó, tí ẹ ó wá la ẹnu kiri àgbàlá bí ajá tí ó kó sínú eérú gbígbóná. Dídúró kí èso pọ́n ni yóò ṣòro fún yín.”

Lákànlé rẹ́rìn-ín. Àwẹ̀ró náà rẹ́rìn-ín, ẹ̀jẹ̀ sì tẹ̀lé ẹ̀rín rẹ̀ jáde. Ni ẹ̀rín bá kú mọ́ ọkọ lẹ́nu. Ó gbé igbà kọ́ èjìká, ó gbọ̀nà. Ẹ̀yin ènìyàn mi, ohun tí a bá fojú di ní ọ̀sán, a lè máa fi ògùṣọ̀ wá a ní òru.

Ó la Odò Èéfín kọjá, odò tí kò ní ẹ̀kán omi kan, tí ó jẹ́ pé èéfín funfun ni ó ń ṣàn nínú rẹ̀, tí àwọn ẹja aláwọ̀ iná ń lúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀ tí wọ́n sì ń kọrin arò. Ó dé ẹsẹ̀ Òkè Ìrì, àpáta tí ń dán bí eyín ọmọdé, tí àwọsánmà ń fi ìdajì rẹ̀ ṣe ibi ìsinmi, tí aláǹgbá pàápàá kò lè rọ̀ mọ́. Lákànlé ju igbà mọ́ ṣóńṣó àpáta, ó gùn ún, ó ń súfèé. Nígbà tí ó fi dé òkè, ìgbéraga ti wú nínú rẹ̀ bí gàrí tí a da omi sí.

Kí ni ó rí níbẹ̀? Ó rí igi kan tí òkè ewé rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀, tí ẹ̀yìn ewé rẹ̀ sì ń kọ mọ̀nà bí bàbà, tí èso rẹ̀ tàn láàárín ẹ̀ka bí ẹni pé oòrùn bí ọmọ púpọ̀, ó sì fi wọ́n síbẹ̀ fún ìtọ́jú. Òórùn dídùn rẹ̀ mú kí Lákànlé rántí ìgbà èwe rẹ̀. Àwọn ọkùnrin alágbára yí ìdí igi náà ká, wọ́n dúró gbọnin; oje funfun ti lẹ ètè wọn pọ̀, ojú wọn nìkan ni ó ń yí. Láàárín wọn ni iwin kan ti dìde, awọ ara rẹ̀ jẹ́ èèpo igi, ẹyẹ ẹ̀gà sì kọ́ ilé sínú irùngbọ̀n rẹ̀.

“Ọmọ ènìyàn, kí ni o wá ṣe?”

“Bàbá, ìyàwó mi ń kú lọ. Agbálùmọ̀ ni mo wá ká.”

“Àwọn wọ̀nyí náà wá ká a, wọ́n sì fi àìpọ́n rẹ̀ kan ẹnu,” ni iwin wí. “A kì í ká èso igi yìí. Nígbà tí ó bá pọ́n, igi fúnra rẹ̀ ni yóò sọ ọ́ sílẹ̀.”

“Nígbà wo ni yóò pọ́n?”

“Bi igi léèrè.”

Lákànlé jókòó. Oòrùn wọ̀, oòrùn yọ, kò sí èso tí ó bọ́. Ó ń ro Àwẹ̀ró, ó ń ro ẹ̀kọ pupa, ọkàn rẹ̀ sì ń jó bí ẹ̀tù. Kí ó tó mọ̀, ọwọ́ rẹ̀ ti fi igbà yí igi ká, ó sì ti dé òkè, ó ti di èso kan mú. Oje funfun yọ lára èso náà, ó lẹ ìka rẹ̀ pọ̀ pinpin. Nígbà náà ni ó rántí ọ̀rọ̀ Àwẹ̀ró nípa ìkòkò ọbẹ̀. Ó fi èso náà sílẹ̀ lórí ẹ̀ka, ó sọ̀ kalẹ̀ jẹ́jẹ́, ó yọ àdá ìdí rẹ̀, ó sì gé igbà tí ó jogún lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ sí wẹ́wẹ́, kí ó má baà lè gun igi náà mọ́.

Ẹnu ya iwin. “Báwo ni ìwọ yóò ṣe sọ̀ kalẹ̀ lórí àpáta yìí?”

“Bí n kò bá mú èso lọ, kí ni mo fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ lọ ṣe?”

Igi náà mì tìtì. Agbálùmọ̀ kan bọ́ sílẹ̀, gbì. Òmíràn tẹ̀lé e, títí ilẹ̀ fi pupa rẹ́súrẹ́sú. Lákànlé fún omi èso náà sí ètè àwọn tí ó dúró, ètè wọn sì ṣí, ohun tí olúkúlùkù wọn sì kọ́kọ́ bèèrè ni pé, “Ó ti pọ́n?” Iwin wá gbé gbogbo wọn lé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó sì sọ̀ wọ́n kalẹ̀ sí ẹsẹ̀ òkè bí ìyá ti ń gbé ọmọ kúrò lẹ́yìn.

Lákànlé kó èso délé, ó sì bá Àwẹ̀ró láàyè. Àwẹ̀ró ń jẹ agbálùmọ̀ ní òwúrọ̀ àti ní alẹ́; díẹ̀díẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ń dáwọ́ dúró, tí eyín ń fìdí múlẹ̀. Ní ọjọ́ tí ó kọ́kọ́ fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé ojúde, ó wo èèkàn tí ọkọ rẹ̀ máa ń gbé igbà kọ́.

“Baálé mi, igbà yín ńkọ́?”

“Mo ti gé e.”

Àwẹ̀ró ní, “Ẹ dúró?”

“Mo dúró.”

Àwẹ̀ró bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀jẹ̀ kankan kò sì tẹ̀lé e.

Wọ́n gbin kóró èso náà sí ojúde. Nígbà tí ó di igi, Lákànlé, ẹni tí kò sí ọ̀pẹ tí kò gùn, kò gun èyí láéláé. Ìdí rẹ̀ ni òun àti aya rẹ̀ ti máa ń bẹ̀rẹ̀ ṣa èso ní àárọ̀. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ mi, ẹ má ṣe pe èso ní oúnjẹ ẹyẹ. Bí ó jẹ́ agbálùmọ̀ ilé wa, bí ó jẹ́ ápù tí ń ti òkè òkun wá, ẹ jẹ ẹ́ kí èrìgì yín lè le, kí ikùn yín sì tù yín lára. N kò wí pé èso ń wo gbogbo àrùn. Ṣùgbọ́n ìlú tí ó bá fi igi eléso dáná, ara rẹ̀ ni ó ń yan. Ẹ sì jẹ́ kí ó pọ́n kí ẹ tó fi kan ẹnu.