Igbá Tí Láṣebìkan Rù Gba Ìgboro Kọjá

Nígbà tí gbogbo ilé tó wà ní Òkè-Erùpẹ̀ ṣì jẹ́ ilé amọ̀, kò sí mọlémọlé tí orúkọ rẹ̀ jáde tó ti Láṣebìkan. Ògiri rẹ̀ kì í tẹ̀, kì í sì í lanu. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀ tán, tí ògiri àwọn ẹlòmíràn ń ṣí bí èèpo ẹ̀pà, ti Láṣebìkan á dúró gbọn-in, á máa dán bí awọ ẹni tó fi òróró para. Àwọn ará ìlú tó jìnnà ń ránṣẹ́ pè é. Wọ́n ní ọwọ́ rẹ̀ mọ́.

Ọwọ́ rẹ̀ mọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ kan kì í mọlé. Àwọn kan wà tí wọ́n ń walẹ̀ fún un. Àwọn kan ń fi ẹsẹ̀ po amọ̀ nínú kòtò láti àárọ̀ títí oòrùn fi ń dé àtàrí. Àwọn mìíràn ń ṣù ú, wọ́n ń jù ú sókè fún ẹni tó wà lórí ògiri. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Ìbíyẹmí ló ń pọn omi tí wọ́n fi ń pò ó, ẹnu rẹ̀ sì mú ju àdá tí ọ̀gá fi ń gé ògiri lọ. Ọdẹ́yalé ni igbákejì ọ̀gá. Kò tíì hu irùngbọ̀n nígbà tó dé ọ̀dọ̀ Láṣebìkan. Nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ó ti gbéyàwó, ó ti ń hu ewú díẹ̀díẹ̀, inú kòtò amọ̀ náà ló ṣì wà.

Àṣà àwọn mọlémọlé ayé ìgbà náà ni pé onílé ló ń bọ́ wọn. Lọ́sàn-án, wọ́n á gbé igbá oúnjẹ kan ṣoṣo wá síbi iṣẹ́, iyán àti ọbẹ̀ tó ní ẹran ìgbẹ́. Wọn kì í pín in. Ọ̀gá ló máa kọ́kọ́ jẹ. Yóò jókòó sídìí ògiri, yóò kọjú sí i, yóò kẹ́yìn sí àwọn tó kù. Bó bá ti jẹ díẹ̀, yóò yí ọrùn padà, yóò wo ẹ̀yìn. Bó bá ti rí wọn níbi tí wọ́n jókòó sí, tí amọ̀ gbẹ mọ́ wọn lórúnkún, yóò mọ ibi tó yẹ kí ọwọ́ òun dúró sí. Yóò fọwọ́, yóò sì ti igbá náà sẹ́yìn fún wọn. Kò sí ọmọ iṣẹ́ tó gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ nípa oúnjẹ náà, nítorí wọ́n gbà pé ọ̀kánjúwà ni ọmọ tó bá ń wo ọwọ́ àgbà. Nítorí náà, ọrùn ọ̀gá nìkan ló wà láàrin àwọn ènìyàn wọ̀nyí àti ebi.

Bí ilé bá sì parí, onílé á kó ẹ̀bùn sínú igbá ńlá kan: iṣu, ẹran gbígbẹ, obì, nígbà mìíràn aṣọ òfì. Ọ̀gá kì í ru igbá yìí. Àwọn ọmọ iṣẹ́ ló ń rù ú, wọ́n á máa gbà á lórí ara wọn, wọ́n á máa kọrin gba ìgboro kọjá títí dé ilé ọ̀gá. Níbẹ̀ ni ọ̀gá á ti ṣí i, tí oníkálùkù á gba tirẹ̀. Àwọn ará ìlú á jáde sẹ́nu ọ̀nà láti wò wọ́n. Ẹni tó bá ní i lọ́kàn láti kọ́lé kì í wo igbá náà rárá. Ẹsẹ̀ àwọn tó wà lẹ́yìn ọ̀gá ló ń wò. Ọ̀gá tí èrò bá tẹ̀ lé lọ sílé pẹ̀lú orin, òun ni wọ́n ń gbé iṣẹ́ fún.

Láṣebìkan kò bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ènìyàn burúkú. Òun náà ti po amọ̀ rí. Ó mọ bí ojú ṣe ń ṣú ẹni tí ebi bá pa sínú kòtò. Nígbà tó kọ́kọ́ di ọ̀gá, ó máa ń wẹ̀yìn kó tó bu òkèlè kejì, ìgbà mìíràn sì wà tí iyán tó kù máa ń ju èyí tó jẹ lọ. Láti orí ẹran ni nǹkan ti bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. Bí òkìkí rẹ̀ ti ń kàn, tí àwọn ọlọ́lá ń gbé iṣẹ́ fún un, ọbẹ̀ túbọ̀ ń dùn, ó sì ń ṣòro fún un láti fọwọ́. Ó jẹ ẹran tán, ó ṣẹ́ iyán kù. Nígbà tó yá, ó ń jẹ iyán náà dé ìdí. Ọrùn rẹ̀ kò yí padà mọ́.

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí pẹ̀lú igbá ẹ̀bùn. Àwọn ọmọ á rù ú délé, wọ́n á jókòó sórí ẹní tí Àṣàbí ìyàwó rẹ̀ tẹ́ fún wọn, Láṣebìkan á sì ní kí wọ́n ní sùúrù, pé ilé tó ń bọ̀ ni tiwọn. Ilé tó ń bọ̀ á dé, á tún kọjá. Bí ẹnì kan bá ráhùn, á ní, "Ọmọ mi ni gbogbo yín. Ọmọ wo ló ń bá bàbá rẹ̀ pín nǹkan?" Bí onílé bá yin ògiri tí Ọdẹ́yalé fi odindi ọ̀sẹ̀ rẹ́, Láṣebìkan á ní ọwọ́ òun nìyẹn, Ọdẹ́yalé á sì dúró síbẹ̀, á máa wo ilẹ̀.

Ìbíyẹmí sọ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ lọ́nà odò lọ́jọ́ kan pé, "Bí amọ̀ bá wà nílẹ̀, ọmọ ni wá. Bí iyán bá ti dé, a di àlejò." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò pẹ́ lẹ́nu wọn.

Ní ọdún kan, Ọ̀tún ìlú fẹ́ kọ́ ilé tó ní àgbàlá ńlá láàrin, ó sì fẹ́ kó parí kí òjò tó dé. Láṣebìkan gba iṣẹ́ náà. Àsìkò yẹn gan-an ni ìyàwó Ọdẹ́yalé bímọ. Ìwọ̀nba iṣu tó wà nílé wọn, ìyá ọmọ ni Ọdẹ́yalé fi í sílẹ̀ fún, kí ọmú lè ní omi. Oúnjẹ ọ̀sán ibi iṣẹ́ ni òun fi ọkàn tán.

Ó po amọ̀ títí lọ́jọ́ kan. Wọ́n gbé igbá dé, Láṣebìkan jókòó sídìí ògiri, ó kọjú sí i. Àwọn tó kù jókòó sẹ́yìn, wọ́n ń retí. Ọdẹ́yalé kò tíì jáde nínú kòtò. Ó fi ọwọ́ kan gbá etí kòtò mú, ó fẹ́ gòkè, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e, ó sì ṣubú dojú bolẹ̀ sínú amọ̀ tó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ pò. Wọ́n sáré fà á jáde. Ìbíyẹmí da omi sí i lójú, ó fi ìdí ìró nu amọ̀ kúrò nímú rẹ̀. Láṣebìkan gbọ́ ariwo náà. Kò wẹ̀yìn.

"Baba," ni Ìbíyẹmí wí, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ wẹ̀yìn."

Láṣebìkan ha eegun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tán kó tó yíjú. Ó béèrè ohun tó ṣe Ọdẹ́yalé.

"Ebi ni."

"Ebi kẹ̀? Ṣé kò jẹun nílé kó tó wá ni?"

"Ìyá ọmọ ló jẹ tilé, Baba. Inú igbá tó wà níwájú yín yẹn ni tirẹ̀ wà."

Láṣebìkan wo inú igbá náà. Ọbẹ̀ díẹ̀ ló kù ní ìdí rẹ̀. Bóyá ìtìjú ló mú un nígbà náà, bóyá ìbínú ni; ọ̀kan a máa wọ aṣọ èkejì. Ìbá ti sọ pé ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ ìbá tán síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó sọ ni pé, "Omi ni mo ní kí o máa pọn, n kò ní kí o máa pọn ọ̀rọ̀. Ẹni tí iṣẹ́ mi kò bá tẹ́ lọ́rùn, ọ̀nà là. Àwọn tó fẹ́ po amọ̀ fún Láṣebìkan pọ̀ bí èèrùn."

Nígbà tí wọ́n ṣíwọ́ lọ́jọ́ yẹn, àwọn ọmọ iṣẹ́ ní àwọn kò ní padà wá. Wọ́n ní kí òjò wá bá ilé náà láìní òrùlé, kí ojú Láṣebìkan wálẹ̀. Ọdẹ́yalé ló bẹ̀ wọ́n. Ó ní Ọ̀tún kò ṣẹ̀ wọ́n, amọ̀ náà kò sì ṣẹ̀ wọ́n. "Ohun tí mo fi ẹsẹ̀ pò, mi ò ní jẹ́ kí òjò wó o. Ẹ jẹ́ ká parí rẹ̀. Lẹ́yìn náà, kálukú mọ ọ̀nà ilé rẹ̀." Ìbíyẹmí ní òun náà á máa bọ̀, àti pé láti ọ̀la, òun á máa di ẹ̀kọ mọ́ ìdí ìkòkò omi fún gbogbo wọn. Bí wọ́n ṣe parí ilé Ọ̀tún nìyẹn, ẹ̀kọ olómi ni wọ́n ń jẹ. Láṣebìkan rò pé ọ̀rọ̀ náà ti tán. Ó rí i pé wọ́n ń ṣiṣẹ́, wọn kò sì ráhùn mọ́. Kò mọ̀ pé ẹni tó ṣì ń ráhùn ṣì ní ìrètí.

Ọjọ́ ìparí dé. Kò sí igbá tó tóbi tó èyí tí Ọ̀tún gbé kalẹ̀ rí ní Òkè-Erùpẹ̀. Ọ̀tún kí wọn kú iṣẹ́, ó ní kí wọ́n gbé e fún baba wọn. Láṣebìkan káwọ́ sẹ́yìn, ó ṣáájú bí àṣà. Ó ti rìn dé ẹnu ọ̀nà àgbàlá kó tó ṣàkíyèsí pé òun kò gbọ́ orin. Nígbà náà ló yí ọrùn padà. Ó wẹ̀yìn.

Wọ́n wà níbi tí wọ́n máa ń jókòó sí lọ́sàn-án, gbogbo wọn, amọ̀ gbẹ mọ́ wọn lórúnkún.

"Ẹ gbé e," ló wí.

Ọdẹ́yalé dìde. Kò gbé ohùn sókè. "Baba, a bá yín mọ ilé yìí, a kò bá yín jẹ ẹ́. Igbá tí ẹ dá jẹ, ẹ̀yin nìkan lẹ ó rù ú."

"Ọdẹ́yalé, ṣé bí èmi àti ìwọ ṣe wà nìyí?"

"Bó ṣe yẹ ká wà kọ́, Baba. Ó dun èmi náà."

Láṣebìkan wo Ọ̀tún, Ọ̀tún wo òkè ògiri. Ìtìjú kò jẹ́ kó fi igbá náà sílẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fẹ́ dá gbé e, igbá náà wúwo ju agbára rẹ̀ lọ. Níkẹyìn, ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n gbé e ru òun. A kì í kọ èyí fún ẹnikẹ́ni nílẹ̀ wa, ọ̀tá ẹni ìbáà jẹ́. Ọdẹ́yalé gbá apá kan mú, Ìbíyẹmí gbá apá kejì, wọ́n gbé igbá náà lé e lórí, wọ́n sì tún òṣùká rẹ̀ ṣe kó má baà já bọ́. Lẹ́yìn náà, wọ́n padà lọ jókòó.

Ó gba ìgboro. Àwọn ènìyàn ti jáde sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń wo ẹ̀yìn rẹ̀, wọn kò rí ẹnì kankan. Wọ́n kí i pé kó rọra. Bó ti ń lọ, ó gbọ́ ẹsẹ̀ lẹ́yìn. Inú rẹ̀ dùn. Ó fẹ́ wẹ̀yìn, ẹrù orí rẹ̀ kò jẹ́. Ọrùn tó rọ̀ tẹ́lẹ̀, tí kò fi wẹ̀yìn, ti wá le gan-an lábẹ́ igbá.

"Ọdẹ́yalé, ṣé ìwọ nìyẹn?"

Àgbà ọkùnrin kan tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ló dá a lóhùn pé ewúrẹ́ ni, pé ó ń ṣa èèpo tó ń já bọ́ lára iṣu rẹ̀.

Àṣàbí ti tẹ́ ẹní sílẹ̀ bó ti máa ń ṣe, ó ti fọ àwọn abọ́. Ó bá a sọ igbá náà kalẹ̀. Ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó wo ojú ọ̀nà. "Àwọn ọmọ ńkọ́?" Láṣebìkan jókòó, ó kọjú sí ògiri ilé ara rẹ̀ bó ti mọ́ ọn lára. Nígbà tó yá, ó yí ọrùn padà, ó wo àwọn ẹní tó ṣófo náà títí.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó di iṣu àti ẹran, ó gba ilé Ọdẹ́yalé lọ. Ilẹ̀kùn ti wà ní títì. Àwọn ará ilé ní ó ti kó ìyàwó àti ọmọ tuntun lọ sí oko àna rẹ̀, pé kò ní mọlé mọ́. Àwọn tó kù náà túká. Kò sí ẹni tó tún pe Láṣebìkan síṣẹ́. Kò sì sí ẹni tó jèrè ọ̀rọ̀ náà, nítorí láti ìgbà yẹn ni ògiri ilé Òkè-Erùpẹ̀ ti ń lanu bí òjò bá rọ̀. Ọwọ́ tó mọ ọ́n àti ẹsẹ̀ tó pò ó kò tún pàdé mọ́. Ilé Ọ̀tún nìkan ló dúró. Bí àwọn ènìyàn bá sì ń kọjá níwájú rẹ̀, tí wọ́n rántí ọkùnrin tó dá ẹrù rù jáde níbẹ̀, wọ́n á mi orí, wọ́n á sọ ohun tí ẹnu àgbà kò tíì fi sílẹ̀ títí di òní, pé àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé.