Ìdí Tí Ọmọ Ẹyẹlé Fi Ń Ki Ẹnu Bọ Ọ̀fun Ìyá Rẹ̀

Nígbà láéláé, nígbà tí ọrùn ẹyẹlé ṣì dúdú bí èédú, tí ohùn rẹ̀ sì máa ń dún gbangba bí agogo ṣọ́ọ̀ṣì láàárọ̀ ọjọ́ ìsinmi, jẹ́lé-ó-sinmi kan ṣoṣo ni gbogbo ẹyẹ ń kó ọmọ wọn lọ.

Abẹ́ igi àràbà ńlá kan ni jẹ́lé-ó-sinmi náà wà. Àkàlàmàgbò ló ń ṣọ́ ọ. Kì í ṣe pé ó fẹ́ràn ariwo ọmọdé o. Àṣá ló fà á. Lọ́dún kan, Àṣá gbé ọmọ ẹyẹ títí tí ẹkún fi gba inú igbó kan. Àwọn ẹyẹ pé jọ, wọ́n ní, "Ta ni ẹnu rẹ̀ tóbi tó láti lé Àṣá?" Gbogbo ojú bá yí sí Àkàlàmàgbò.

Ó gbà fún wọn, ṣùgbọ́n ó ṣe òfin kan.

"Ọmọ tó bá wà lọ́dọ̀ mi, ohun tí mo bá fún un ló máa jẹ. Bó bá délé, kò gbọdọ̀ jẹun mọ́ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ bá ń bọ́ nírọ̀lẹ́ kì í jẹ tèmi lọ́sàn-án, agbára mi ò sì gbé ìjà ọmọdé."

Tata àti ekòló ló ń fún wọn. Àwọn ọmọ ń jẹ ẹ́, wọ́n ń nu ẹnu.

Ọmọ Ẹyẹlé kò lè jẹ ẹ́, nítorí hóró ni ìran wọn ń jẹ. Méjì ni wọ́n. Ìgbà méjì ni Ẹyẹlé ti bí ìbejì ṣáájú wọn, ìgbà méjèèjì náà ló sì sin wọ́n. Ìdí nìyẹn tó fi sọ èyí àkọ́kọ́ ní Dúrótìmí, tó sọ èkejì ní Málọmọ́.

Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, bí Ẹyẹlé bá ti oko dé láti wá mú wọn, yóò bá wọn níbi tí wọ́n jókòó sí, orí wọn á ti tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan bí òdòdó tí oòrùn pa. Wọn kì í sunkún. Ìyẹn gan-an ló ń bà á lẹ́rù.

"Ìyá Àgbà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ǹjẹ́ àwọn ọmọ mi jẹun lónìí?"

"Mo gbé e síwájú wọn."

"Mo mọ̀ pé ẹ gbé e síwájú wọn, mà. Mo ní, ṣé wọ́n jẹ ẹ́?"

"Ìyá Dúró, ọmọ mẹ́rìnlélógójì ni mò ń tọ́jú níbí. Àwọn yòókù ń jẹ, tìẹ nìkan ló ń wojú mi. O ti kẹ́ wọn bà jẹ́."

Ẹyẹlé kọ́kọ́ fi ọkà bàbà pamọ́ sábẹ́ ìtẹ́. Ó gbé e sí wọn lẹ́nu nírọ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ wọ́n, ẹnu wọn sì rọ̀, wọn kò lè fọ́ ọ. Oorun gbé wọn lọ pẹ̀lú hóró bàbà lẹ́nu. Ilẹ̀ mọ́, Ẹgà, aládùúgbò wọn tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, rí bàbà tó já sílẹ̀, ó sì lọ fẹjọ́ sùn. Láti ìgbà náà, Àkàlàmàgbò ń wá yẹ abẹ́ ìtẹ́ wò láràárọ̀, ó sì ń yẹ ara Ẹyẹlé wò nírọ̀lẹ́ tó bá ti oko dé.

"Jẹ́ ká ṣe sùúrù," ni ọkọ rẹ̀ wí. "Bí wọ́n bá lé wa kúrò lábẹ́ àràbà, Àṣá ń bẹ níta."

"Bàbá Dúró, Àṣá á fi èékánná pa wọ́n, ebi á fi ọwọ́ pẹ̀lẹ́ pa wọ́n. Ṣé nítorí pé ikú kan rọra rìn wá la ó ṣe fún un níjòókòó?"



Ẹyẹlé lọ kúnlẹ̀ sórí ẹ̀ka. Kò da omi lójú. Ó ní, "Ẹlẹ́dàá mi, ìwọ lo dá ikùn kí Àkàlàmàgbò tó ṣe òfin. N kò ní kí o bá mi yí òfin náà padà. Ibi tí òfin náà kò dé ni kí o fi hàn mí."

Lọ́jọ́ kejì, ó jẹ bàbà lóko, ó sì mu omi lé e lódò. Bó ṣe gbé orí sókè, ó rí i pé oúnjẹ náà kò tíì lọ sínú. Ó dúró nísàlẹ̀ ọ̀fun, nínú àpò kékeré kan, ó ń rọ̀ díẹ̀díẹ̀.  Ẹyẹlé rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí oòrùn rọ̀, Àkàlàmàgbò dá a dúró.

"Ya ẹnu."

Ó ya ẹnu.

"Gbé apá."

Ó gbé apá.

"Máa lọ."

Nígbà tí wọ́n dé ìtẹ́, Ẹyẹlé tẹ orí ba, ó mi ọrùn, oúnjẹ náà gòkè wá, ó kúnná bí ògì. Ó ki ẹnu bọ ti Dúrótìmí, ó fún un. Ó ki ẹnu bọ ti Málọmọ́, ó fún un. Wọ́n ń gbé e mì láìlajú. Lọ́jọ́ kẹta, bàbá wọn náà kọ́ ọ.

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí ọrùn àwọn ọmọ náà fi dúró. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo. Bí wọ́n bá ti rí ìyá wọn lókèèrè, wọ́n á máa gbọn apá. Ariwo yìí ló tú àṣírí.

"Ìyá Dúró," ni Àkàlàmàgbò wí lójú gbogbo òbí tó wá mú ọmọ, "kí lo fi ń bọ́ àwọn ọmọ yìí?"

"Mo ṣáà ti sọ ọ́," ni Ẹgà dá sí i. "Àbí afẹ́fẹ́ ń mú ọmọ sanra ni?"

Ẹyẹlé ì bá purọ́. Kò pa á.

"Oúnjẹ ni mo fi ń bọ́ wọn."

"Ibo lo gbé e sí?"

"Ọ̀fun mi ni. Ibẹ̀ ló wà bí mo ṣe ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí."

"Bì í sílẹ̀."

"N kò ní bì í."

"Ṣé o mọ ẹni tí ò ń dá lóhùn?"

"Mo mọ̀ yín, Ìyá Àgbà, mo sì bọ̀wọ̀ fún yín. Ẹ lé Àṣá fún wa, Ẹlẹ́dàá á san án fún yín. Ṣùgbọ́n ọmọ mẹ́rin ni mo ti sin. Òfin yín kò bá mi gbẹ́ ilẹ̀."

Inú bí Àkàlàmàgbò. Ó fi àgógó ńlá ẹnu rẹ̀ gbá Ẹyẹlé lọ́rùn mú, ó fún un, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kó lè bi oúnjẹ náà sílẹ̀. Ẹyẹlé ya ẹnu kó lè rí èémí mí, ṣùgbọ́n ó pa ọ̀fun dé. Hóró kan kò jábọ́. Ọkọ rẹ̀ fò mọ́ Àkàlàmàgbò. Àkàlàmàgbò fi apá kan ṣoṣo gbá a dànù.

Àwọn ọmọ ń wò. Wọn kò mọ òfin, wọn kò sì mọ ìbínú. Ohun tí wọ́n mọ̀ ni pé ìrọ̀lẹ́ ti lẹ́, ẹnu ìyá wọn sì là sílẹ̀. Dúrótìmí tàgé wá, ó ki ẹnu bọ ọ̀fun ìyá rẹ̀. Málọmọ́ gba ẹ̀gbẹ́ kejì wọlé. Nígbà tí Ẹyẹlé mọ̀ pé àwọn ni, ó ṣí ọ̀fun fún wọn, àwọn méjèèjì sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ, lábẹ́ àgógó Àkàlàmàgbò.

Àwọn òbí yòókù sún mọ́ wọn. Ẹgà náà na ọrùn wò wọ́n.

Àkàlàmàgbò wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nísàlẹ̀ ẹnu rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ló tú ọrùn náà sílẹ̀.

"Tèmi náà kì í jẹ ẹ́, ẹ̀gbọ́n mi," ni Àdàbà, àbúrò Ẹyẹlé, wí láti ẹ̀yìn. "Ìtìjú ni kò jẹ́ n sọ."

"Ẹni tó bá fẹ́ bọ́ ọmọ rẹ̀ nírọ̀lẹ́," ni Àkàlàmàgbò wí, kò sì wo ojú ẹnikẹ́ni, "kó má kó o wá lọ́la."

"A ti gbọ́, mà," ni Ẹyẹlé dáhùn. Ohùn náà kò jọ tirẹ̀ mọ́. Òun àti ọkọ rẹ̀ kó àwọn ọmọ wọn, wọ́n fò lọ sábẹ́ òrùlé ọmọ ènìyàn, níbi tí èéfín kì í jẹ́ kí Àṣá bà.

Láti ọjọ́ náà ni ọrùn ẹyẹlé ti ń dán yinrinyinrin, níbi tí wọ́n ti fún un. Láti ọjọ́ náà ni ohùn rẹ̀ kò ti jáde tán mọ́, tó fi jẹ́ pé inú ọ̀fun ló ti ń kùn. Ìyá ẹyẹ mìíràn ń ki ẹnu bọ ti ọmọ. Ní ìdílé ẹyẹlé àti àdàbà, ọmọ ló ń ki ẹnu bọ ti ìyá àti ti bàbá, títí di òní.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ, bí ẹ bá gbọ́ tí ẹyẹlé ń kùn lábẹ́ òrùlé yín nírọ̀lẹ́, ẹ má ṣe rò pé ó ń bẹ ẹnikẹ́ni. Kò bẹ̀bẹ̀ rí. Àwọn ọmọ rẹ̀ ló ń pè wá jẹun.